Kànga mi kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà 19. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé oko láìsí NEPA, ibo lẹ ti ń rí omi?

AráApáta · Sátidé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì mọ̀ mí, ó ti lé lọ́dún kan tá a ti kó kúrò ní Ọbàntokò lọ sórí ilẹ̀ bàbá mi lọ́nà Odẹ́da, téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní títì ó ṣì máa gun ọ̀kadà tó ogún mínítì kó tó débẹ̀. Kò sí òpó iná, kò sí omi ìjọba, nẹ́tíwọọ̀kì gan-an àfi kéèyàn gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ èyí, ẹ̀fọn ti fẹ́ gbé mi lọ.

Gbogbo èèyàn ló ń dẹ́rù bà mí nígbà yẹn pé iná ló máa lé wa padà sígboro. Irọ́ ni. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, bátìrì méjì, bọ́ọ̀bù ń tàn, fáànù ń fẹ́, àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n wọn títí aago mẹ́sàn-án. Omi ni o. Omi yìí fẹ́ tú ilé mi ká.

A gbẹ́ kànga lóṣù kọkànlá. Àwọn agbẹ́kànga yẹn rìn yí ilẹ̀ ká, wọ́n tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ kan, wọ́n ní omi wà níbẹ̀, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa, yangí, lẹ́yìn ìyẹn amọ̀ funfun kan báyìí tó dà bí ẹ̀kọ tútù, inú mi ti ń dùn, àfi gbàn-ín! Dígà kan àpáta. Ọ̀gá wọn gòkè wá, ó nu ojú, ó ní "Àlàájì, ibi tó mọ nìyí o", ó sì gba owó ẹ̀ pé pérépéré. Omi tó ń sun níbẹ̀ báyìí ò ju bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ láàárọ̀, ó sì rí bí omi ògì.

Ọ̀kadà ni mo fi ń ru kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin mẹ́rin láti títì báyìí, lítà 25 ni kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn márùn-ún, adìẹ ọgọ́ta, ewúrẹ́ méje. Ìyàwó mi ti wí fún mi pé tí ọyẹ́ míì bá bá òun nínú ipò yìí, òun ń lọ sí Ọbàntokò, kí èmi àti àpáta mi máa gbé. Ẹ gbà mí o.

ỌmọLísàbi_ÒkèÒkun · Sátidé, 9:15 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Èmi ń jowú yín ṣá o, òtútù ń pa mí níbí, owó iná ń pa mí. Ẹ kàn gbẹ́ bóhòólù, ó tán!

AráApáta · Sátidé, 9:22 alẹ́

Àbúrò, "ó tán" yìí ló jẹ aládùúgbò mi lówó. Ẹ̀rọ wọn wọlẹ̀ lọ gan-an o, eruku funfun ni wọ́n ń tú jáde láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ẹ̀kán omi kan. Wọ́n sì gba owó wọn, wọ́n ní ilẹ̀ làwọn lu, àwọn ò tà omi.

Tíṣà_Alábàtà · Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú sí agbẹ́kànga yẹn jù. Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́ tán, Abẹ́ Òkúta. Àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ gbogbo agbègbè yín yẹn, òkúta gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ gba omi sára, inú ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ lomi máa ń wà, àti inú ibi tí àpáta bá ti sán. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan á fi gbẹ́ kànga rí omi rẹpẹtẹ, ẹni tó wà ní ogún ẹsẹ̀ sí i á gbẹ́ tiẹ̀, eruku ni. Amọ̀ funfun tẹ́ ẹ rí yẹn, àpáta tó ti jẹrà ni. Omi wà nínú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ahun ni, kì í tètè fi sílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ bóhòólù lágbègbè wa, kó kọ́kọ́ san owó fáwọn tó máa ń gún irin mọ́lẹ̀ tí wọ́n á fi waya so wọ́n pọ̀ tí wọ́n á rán iná kọjá nínú ilẹ̀. Ìyẹn máa ń sọ ibi tí ilẹ̀ tó jẹrà bá ti jìn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀run ṣùgbọ́n ó dáa ju kéèyàn máa wo ìdí ọ̀pẹ lọ.

Ní tiyín ẹ̀gbọ́n, mi ò ní náwó sínú ilẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ wòkè. Báwo ni páànù ilé yín ṣe tóbi tó?

AráApáta · Sọ́ńdè, 7:48 àárọ̀

Mítà mẹ́jọ sí mẹ́fà. Mo ní táǹkì lítà 2,500 kan àti dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Lásìkò òjò wọ́n máa ń kún títí wọ́n á fi máa dànù. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí òjò bá dá, ó tán.

Tíṣà_Alábàtà · Sọ́ńdè, 8:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí páànù tó fẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan, lítà kan gééré ni. Páànù yín jẹ́ 48. Òjò ńlá kan bíi mílímítà 25 á fún yín ní 1,200, ká yọ èyí tó ta dànù, ẹ ò ní rí kéré sí 900. Òjò tó ń rọ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún kan sì ju mílímítà 1,000 lọ. Nítorí náà omi ò wọ́n yín, ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí ló wọ́n yín.

Ẹ tún wo apá kejì. Èèyàn márùn-ún, lítà ogún ogún lóòjọ́, ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Láti oṣù kọkànlá dé ààbọ̀ oṣù kẹta, bí 130 ọjọ́, lítà 13,000. Mi ò tíì ka adìẹ o. Ẹ ní 2,500 àti dúrọ́ọ̀mù. Ìyàwó yín ò jẹ̀bi rárá.

Wáyà_Kòdáa · Sọ́ńdè, 1:10 ọ̀sán

Mo fẹ́ yà díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n sọ pé iná ò dà wọ́n láàmú, inú mi dùn, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bátìrì omi ni àbí lithium? Tó bá jẹ́ 220Ah méjì onómi, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó títí ìnfátà á fi máa ké "píì píì" lóru, ọdún méjì bátìrì ti kú, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ẹ sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì, ní ìdájí tó ṣì tutù o, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan tí gíláàsì ti gbóná tẹ́ ẹ wá da omi tútù lù ú.

AráApáta · Sọ́ńdè, 2:02 ọ̀sán

Onómi ni. Wọ́n sì ń ké píì píì lóṣù tó kọjá, mo rò pé ejò ló wọ yàrá bátìrì, mo mú àdá dání wọlé.

Ẹ̀yin oníná, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo abúlé ti mọ̀ pé a níná. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni fóònù ti ń dé, mo ka mọ́kànlá lánàá àti tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Mo fẹ́ máa gba owó táṣẹ́rẹ́, ìyàwó mi ní ṣé orí mi pé ni, ta ló máa bá wa lé ewúrẹ́ tó bá já. Ó ń gba ata, ó ń gba gàrí, ẹnì kan gbé àkùkọ wá ní jímọ̀ tó kọjá nítorí fóònù Nokia kékeré. Mo ti dákẹ́.

Wáyà_Kòdáa · Sọ́ńdè, 2:20 ọ̀sán

Hahaha ẹ jẹ́ kí mádáàmù máa ṣe é lọ. Fóònù mọ́kànlá ò jẹ iná tó nǹkan, fíríìjì ló ń jẹ iná. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé e wá lọ́sàn-án tí oòrùn ṣì wà, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ pé inú bátìrì lẹ ti máa fún wọn.

ÌyáLáfún · Ọjọ́ Ajé, 5:50 ìdájí

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ sọ pé ẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ti ń tẹ fóònù?

AráApáta · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Orí àpáta mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌyáLáfún · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ó tóbi tó kí ni?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Láti kékeré ni mo ti ń sá láfún lórí àpáta, ìyá mi sá a, ìyá wọn náà sá a. Ẹ̀gẹ́ tá a ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, tó ti rọ̀, tá a ti fún omi ẹ̀ dànù, orí àpáta la máa ń fọ́n ọn sí nítorí ó máa ń gbóná, ó ń gbẹ ẹ́ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ẹní kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti sá láfún lórí àpáta rí, tí òjò òjijì bá a níbẹ̀ rí, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé omi máa ń dúró lójú ẹ̀ o. Ó máa ń sáré! Mo ti rí i tí àpò láfún kan gbá lọ báyìí, gbogbo ẹ̀ lọ ṣẹ́jọ sójú kan ṣoṣo nísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ojú kan ṣoṣo tí láfún mi lọ yẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé táǹkì yín sí.

Tíṣà_Alábàtà · Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ṣé o!! Èmi tí mo lọ sílé ìwé ni mò ń ka páànù, ẹ̀yin lẹ rí àpáta. Àwọn ará Kitui ní Kẹ́ńyà ń ṣe é, wọ́n á mọ ògiri kúkúrú yí ìdí àpáta ká kó lè darí omi síbì kan, abúlé odindi ń mu ún.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún wa.

AráApáta · Ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin. Apá tó dà kọ sílé wa jẹ́ bíi mítà ogún sí mẹ́wàá. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sórí ẹ̀ lókè láti wò ó, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí mo fi ọ̀kadà rù wá o, ìyàwó mi ń wò mí lójú fèrèsé, mi ò ní sọ ohun tó wí. Òkè ló gba èyí tó pọ̀ nínú omi yẹn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù ṣàn wálẹ̀, ó yà sápá ọ̀tún, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí igi kaṣú kan wà. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí i pé koríko ibẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, mi ò ronú kàn án.

Igba mítà. Tíṣà, ṣé bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ yìí dáa? Òjò mílímítà mẹ́wàá péré, lítà 2,000?

Tíṣà_Alábàtà · Ọjọ́ Ajé, 7:00 alẹ́

Ó dáa. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún èyí tí àpáta máa mu àti èyí tó máa yà bàrá. 1,500. Òjò kan ṣoṣo tí ò tiẹ̀ le.

ỌmọLísàbi_ÒkèÒkun · Ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́

Lọ́dún 1830 àwọn bàbá wa sá wá sábẹ́ òkúta kí ogun má bàa pa wọ́n, ẹ̀yin wá gbẹ́ kànga láti bá òkúta jà 😂

AdìẹÒkòkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:00 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ da omi tútù sí i. Ewúrẹ́ méje lẹ wí. Níbo làwọn ewúrẹ́ máa ń sùn sí? Èmi sin ewúrẹ́, mo mọ̀ pé tí àpáta bá wà lágbègbè, orí ẹ̀ ni wọ́n máa jókòó tí wọ́n á máa yàgbẹ́ bíi ẹ̀wà. Gbogbo ìyẹn ló máa wọ táǹkì. Aláǹgbá ńkọ́, ẹyẹ ńkọ́? Ẹ fẹ́ fún ọmọ mu?

ÌyáLáfún · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ. A máa ń gbá a ká tó sá láfún. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká.

Tíṣà_Alábàtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 àárọ̀

Èyí tó máa wẹ̀, tó máa fọ aṣọ, tí adìẹ máa mu, kò séwu nínú ìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ máa mu, ẹ gba ti orí páànù fún un, ẹ pín in sọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òjò méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ fọ ojú àpáta dànù kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọ táǹkì. Ti páànù náà, ẹ sè é. Tí igi ìdáná bá wọ́n, ẹ sẹ́ ẹ kó mọ́ gaara, ẹ rọ ọ́ sínú ike omi téèyàn ń rí inú ẹ̀ kedere, ẹ tò ó sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Tójú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn lẹ ń sìn.

Bíríkìlà_Ìtòkú · Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ n bá yín sọ tiṣẹ́ mi. Ògiri yẹn ò ní ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, òkúta àti sìmẹ́ǹtì, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù ṣe é. Ìdí ẹ̀ ni wàhálà wà. Ojú àpáta ń dán, nǹkan dúdú dúdú sì máa ń hù sí i lára, sìmẹ́ǹtì kì í di mọ́ ọn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ gbé ṣísẹ́ẹ̀lì, ẹ gún un wúruwùru ní gbogbo ibi tí ògiri máa jókòó lé, ẹ fomi fọ eruku ẹ̀, kó tó di pé ẹ da sìmẹ́ǹtì. Ẹni tí ò bá gún un, omi á gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: ẹ gún un.

AráApáta · Sátidé, 9:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti mọ ọ́n o! Ọjọ́ méjì, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún, bíríkìlà ọ̀dọ́ kan láti Òṣíẹ̀lẹ̀ àti èmi àti àwọn ọmọ tí ń ṣa òkúta. Ó gùn tó mítà mẹ́rìnlá, ó yí bí ọwọ́ tó ká kò, ó darí síbi igi kaṣú. Igi kaṣú yẹn dun ìyàwó mi, mo gé ẹ̀ka méjì péré. A gbé táǹkì síbẹ̀ lórí pèpéle òkúta, páìpù ń bọ̀ láti ìdí ògiri, mo fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ẹ̀. Ohun tó tún wá dùn mọ́ mi ni pé ibẹ̀ ga ju kíṣìnnì lọ, nítorí náà omi á máa dà fúnra ẹ̀, mi ò nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ìdí ògiri, ọmọ yẹn gún un láti apá òsì dé àárín, ṣísẹ́ẹ̀lì wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní apá tó kù náà á di mú. Ó ti ń ṣú, mo gbà.

Bíríkìlà_Ìtòkú · Sátidé, 9:34 alẹ́

Háà.

AráApáta · Ọjọ́rú, 4:20 ìdájí

Ẹ jí, ẹ jí! Òjò!! Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí!

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni ìyàwó mi gbá mi lẹ́sẹ̀, ó ní "ṣé o ò gbọ́ ni?" Mo gbọ́ tí páànù ń dún pa pa pa, a bá mú tọ́ọ̀ṣì, a ò tiẹ̀ wọ bàtà, a sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, àpáta yẹn ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀, omi ń wálẹ̀ lójú ẹ̀ fẹ̀ẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fà, pupa pẹ̀lú eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́rin, ewé, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó dé ìdí ògiri, ó yí, ó sì ń lọ sápá igi kaṣú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Mo ti yọ páìpù kúrò lẹ́nu táǹkì kí àkọ́kọ́ yìí lè dànù gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Ìyàwó mi ò gbà. Ó lọ gbé agbada, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkòkò ìsebẹ̀, títí dé korobá táwọn ọmọ fi ń wẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ páìpù, ó ní òun ti ru omi tó, omi kankan ò ní dànù lójú òun lóru òní, òun á fi fọ ilẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà tó ṣe ni mo rí i pé omi tó ń dé páìpù ò pọ̀ tó èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Mo tan tọ́ọ̀ṣì tọ ìdí ògiri lọ. Láti àárín dé apá ọ̀tún, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ jáde ṣòròṣòrò, ibì mẹ́ta.

Bíríkìlà_Ìtòkú, ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ wo lẹ máa ráàyè? Ẹ mú ṣísẹ́ẹ̀lì méjì dání.

Bíríkìlà_Ìtòkú · Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀

Mo ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Kí mádáàmù bá mi se láfún.

ÌyáLáfún · Ọjọ́rú, 6:25 àárọ̀

Ẹ kú oríire o! Láfún wá lọ́dọ̀ mi tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín, ẹ̀yìn àpáta yẹn, apá tí ò dà kọ sílé yín, ṣé ẹnikẹ́ni ń sá nǹkan síbẹ̀?